Àgọ́ Ìwalẹ̀pìtàn fún Àwọn Ọmọdé: Bí Ẹ Ṣe Lè Wa Ifẹ̀ Àtijọ́ Nínú Àgbàlá Yín Lọ́sẹ̀ Kan

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti olùkọ́ máa ń bi mí: "Ṣé a lè kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n lọ walẹ̀ bí àwọn awalẹ̀pìtàn?" Rárá, ẹ kò lè kó ọmọ lọ walẹ̀ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe ilẹ̀ kan fún wọn nínú àgbàlá, kí ẹ to àpáàdì àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí àwọn ọmọ wá hú u bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe eré wíwá ìṣúra la fẹ́ ṣe. Ibi tí nǹkan sùn sí nínú ilẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ àti ohun tó gbé e dúró, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ wà. Bí ọmọ bá fa ìlẹ̀kẹ̀ yọ tí kò kọ ibi tó ti yọ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ lásán ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ

Òfin ọdún 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti ohun àtijọ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà:

- Ẹ má walẹ̀ sí ojúbọ, igbó òrìṣà, ahoro ìlú tàbí ẹ̀gbẹ́ odi àtijọ́, kódà bí onílẹ̀ bá ní kò séwu.
- Ẹ má ṣa àpáàdì gidi láti Ilé-Ifẹ̀ wá sínú àgọ́ yín. Wọ́n lè fọ́n ká ojú ọ̀nà, òjò lè ti hú wọn síta. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.
- Ẹ má ra "ohun àtijọ́" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ayédèrú, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ ti dá kún olè jíjà.

Gbogbo ohun tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe tàbí tí ẹ rà lọ́jà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ kìíní pé ẹ̀yin lẹ rì wọ́n síbẹ̀. Inú wọn kì í bàjẹ́ rárá. Ohun tó ń dùn mọ́ wọn ni kí wọ́n wádìí bí ẹ ṣe tò ó.

## Iye ọmọ, ọjọ́ orí àti àkókò

Ọmọ ọdún 8 sí 12 ló dára jù. Ẹ fi ọmọ 5 sí kòtò kan: mẹ́rin á máa walẹ̀, ìkarùn-ún á máa kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á sì máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nídìí kòtò kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn sì wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fojú ṣọ́ gbogbo àgbàlá. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, kòtò méjì tó.

Ọjọ́ márùn-ún, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 12 ọ̀sán. Ẹ má fà á kọjá ọ̀sán, torí oòrùn á ti mú, ọwọ́ á ti rẹ̀ wọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n sì máa ń ba nǹkan jẹ́. Ní gúúsù, òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ìgbà náà ni mo máa ń mú. Síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, òjò alẹ́ kan ṣoṣo kún inú kòtò, ìpele tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta tò sì di ẹrẹ̀ kan náà. Láti ìgbà yẹn, tàpólì ni mo kọ́kọ́ máa ń rà kí n tó ra ohunkóhun.

## Ohun èlò fún kòtò kan

- Tirówẹ́lì kékeré 4, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, kí ẹ sì fi òkúta ha ẹnu rẹ̀ kó má mú jù
- Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé 4 àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù
- Garawa 2 àti páànù ìkóyẹ̀pẹ̀ 2
- Asẹ́ 1 tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 3 sí 5 lọ (ẹ kan nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mọ́ férémù pákó)
- Èèkàn 9, okùn funfun, téèpù ìwọnlẹ̀
- Ọ̀rá kékeré, báírò tí omi kì í parẹ́, ìwé gíráàfù, pẹ́ńsùlù
- Tàpólì tó fẹ̀ ju kòtò lọ, òkúta tí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àti kánópì fún ibòòji

Ẹ má fún ọmọ kankan ní ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì. Kì í ṣe nítorí ewu nìkan. Ẹni tó bá ti di ṣọ́bìrì mú, kòtò ló máa gbẹ́, kò lè ka ilẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa ṣètò kòtò náà

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ ṣe é ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ilẹ̀ lè dì.

1. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wọn mítà 2 ní òró, mítà 2 ní ìbú.
2. Ẹ gbẹ́ ẹ dé sẹ̀ǹtímítà 60, kó má jìn jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè gbé ẹsẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kòtò kò sì gbọdọ̀ ga débi tó lè ya lu ẹnikẹ́ni.
3. Ìsàlẹ̀ pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 10: erùpẹ̀ pupa nìkan, tí ẹ gún kó le. Ẹ má fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá dé ibẹ̀, tí wọn kò rí ohunkóhun mọ́, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kò tíì kan ilẹ̀ yẹn rí.
4. Ìpele Ifẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 20: ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ alápáàdì sí ìdajì kòtò. Lórí rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpáàdì ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdàrọ́ (ìdọ̀tí líle tó máa ń kù nídìí iná alágbẹ̀dẹ) yóò wà.
5. Ìpele eérú, sẹ̀ǹtímítà 10: ilẹ̀ dúdú tí ẹ po èédú àti eérú mọ́, bíi ti ilé tó jóná. Kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ti èyí tó wà lábẹ́.
6. Òkè, sẹ̀ǹtímítà 20: ilẹ̀ ọgbà lásán, pẹ̀lú ohun ayé òde òní: ìdérí ike, báírò tó ti kú, owó ẹyọ kọ́bọ̀.
7. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sórí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gún un kí ẹ tó da èyí tó kàn lé e. Bí ẹ kò bá gún un, tirówẹ́lì kan ṣoṣo á gba ìpele méjì kọjá.
8. Ẹ ya àwòrán ibi tí ẹ rì nǹkan kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹ sì fi pamọ́. Òun ni ẹ máa fi wé tàwọn ọmọ ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Ilẹ̀ alápáàdì. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, wọ́n máa ń fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja o. Ìnàró ni wọ́n ń tò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kọjú sókè, lẹ́sẹẹsẹ bí eegun ẹja, wọ́n sì máa ń to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ tò ó. Amọ̀ tútù ni kí ẹ fi dì í mú, ẹ má lo sìmẹ́ǹtì.

Ìkòkò. Ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ìkòkò amọ̀, kí ẹ ra èyí tó ti sán. Ẹ dì í sínú àpò, kí àgbàlagbà fi òòlù fọ́ ọ, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ kó má gé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ fọ́ ìkòkò kan tó lẹ́wà, kí ẹ pín àpáàdì rẹ̀ sí kòtò méjèèjì, nínú ìpele kan náà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ kòtò àkọ́kọ́ á máa wá ẹnu ìkòkò tí àwọn ọmọ kòtò kejì ti fọ̀ mọ́ sílẹ̀. Ariwo tí wọ́n máa ń pa nígbà tí méjèèjì bá so mọ́ra, mi ò tíì rí ohun tó tó o nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ ra aláwọ̀ búlúù, kó kéré, bí ọgbọ̀n sí kòtò kan. Ó yẹ kó kéré débi pé ojú lè fò ó, kí asẹ́ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ má lo àfọ́kù gíláàsì láéláé.

Ìdàrọ́. Ẹ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń pè é ní òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wò kí wọ́n rí bó ṣe wúwo.

Orí amọ̀. Ẹyọ kan péré nínú gbogbo àgọ́. Ẹ mọ ọ́n níwọ̀n ẹ̀kúnwọ́, kí ẹ fa ìlà wẹ́wẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sójú rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ orí Ifẹ̀. Bí orí bá wà nínú gbogbo kòtò, orí nìkan ni wọ́n máa wá, àpáàdì á sì di ìdọ̀tí lójú wọn.

Fún àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀, mo máa ń fi àdììtú kan kún un. Mo máa ń gbẹ́ ihò tóóró láti òkè wọ inú ìpele Ifẹ̀, bí ihò òkété, màá sọ ìdérí báírò sísàlẹ̀ rẹ̀, màá sì fi ilẹ̀ òkè dí i. Báwo ni báírò ṣe dé Ifẹ̀ àtijọ́? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ ní kí wọ́n tún wo àwọ̀ ilẹ̀ tó yí i ká.

Bí àgbàlá yín bá jẹ́ kọnkéré: ẹ to búlọ́ọ̀kù yíká bí àpótí, ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ kó ilẹ̀ sínú rẹ̀. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, ọpọ́n ike ńlá kan fún ọmọ méjì, pẹ̀lú ìpele mẹ́ta tóóró, á ṣe é.

## Ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn

Ọjọ́ kìíní: kò sí wíwalẹ̀. Wọ́n á bẹ̀bẹ̀, ẹ má gbà. Ẹ gbé garawa ìdọ̀tí kan tí ẹ ti kún pẹ̀lú ohun tó mọ́ tónítóní síwájú wọn, kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ jù sínú rẹ̀? Kí ni wọ́n jù kẹ́yìn? Ọmọ ọdún mẹ́jọ á ti rí i fúnra rẹ̀ láìpẹ́ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ló pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìtàn méjì fún wọn. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ tó jẹ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n lónìí. Iṣẹ́ ilé ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí ilẹ̀ yẹn ìbá sọ nípa bí orí wọ̀nyẹn ṣe dé ibẹ̀ ló ti sọnù. Ìtàn kejì ni ti Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀ náà. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fara balẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nítorí pé wọ́n rí méjèèjì papọ̀ nínú ilẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, ó hàn gbangba pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gíláàsì, kì í kàn ṣe pé ó ń rà á lọ́wọ́ ará òkèèrè bí àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ká ní ẹnì kan ti kó àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ tà lọ́jà ńkọ́?

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: wíwalẹ̀.

1. Ẹ kan èèkàn, ẹ ta okùn, kí kòtò pín sí ojú mẹ́rin: A, B, D, E. Ọmọ kan sí ojú kan.
2. Ẹ ya àwòrán ojú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
3. Ẹ dá tirówẹ́lì dẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa ha ilẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ ara yín, sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gún ilẹ̀.
4. Bí nǹkan bá yọjú, ọwọ́ dúró! Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi hàn. Ẹ má fà á.
5. Akọ̀wé á wọn bó ṣe jìnnà sí okùn méjèèjì àti bó ṣe jìn sí, á ya àwòrán rẹ̀, ẹ ó sì ya fọ́tò.
6. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè gbé e. Ẹ fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìwé pélébé tí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí: nọ́ńbà kòtò, ojú, ìpele, jíjìn, ọjọ́, orúkọ ẹni tó rí i.
7. Gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú garawa gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá.
8. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà, gbogbo yín dúró. Ìpele tuntun nìyẹn. Ẹ gba ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sí i.

Bí wọ́n bá kan ilẹ̀ alápáàdì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Ẹ gbá a mọ́, ẹ yà á, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin: fífọ̀ àti títò. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, láìlo ọṣẹ. Ọ̀rá kan ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá da ọ̀rá méjì sínú abọ́ kan, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti ṣòfò. Bí àpáàdì bá gbẹ, ẹ lo téèpù bébà láti so ìkòkò pọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún: àwọn òbí wá wò ó. Àwọn ọmọ ni kó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé àwòrán ìkọ̀kọ̀ yín jáde, kí ẹ fi wé tiwọn níwájú gbogbo ènìyàn.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

Títan ilẹ̀ bí adìyẹ. Ọmọ á kúrò lójú tirẹ̀, á máa fọwọ́ wá kiri níbi tí ẹlòmíràn ti rí nǹkan. Ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ asẹ́; ìlẹ̀kẹ̀ tí ojú fò máa ń pọ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn.

Fífi ẹ̀bùn fún ẹni tó rí nǹkan jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Irọ́ ló ń bí. Bó bá ṣe dandan kí ẹ yin ẹnì kan, ẹ yin ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ jù.

Àgbàlagbà tó gba tirówẹ́lì lọ́wọ́ ọmọ. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín.

Kíkọ ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a kò kọ lójú ẹsẹ̀, àbá la máa fi kọ ọ́ tó bá yá.

## Bí ọmọ bá béèrè nípa Odùduwà

Yóò béèrè. Ẹ má fi ìtàn àgbà pa ti ilẹ̀, ẹ má sì fi ti ilẹ̀ tẹ́ ìtàn àgbà. Mo máa ń pín ojú ìwé kan sí méjì: "Ohun tí ilẹ̀ fi hàn" ní apá kan, "Ohun tí àwọn àgbà sọ" ní apá kejì. Fún àpẹẹrẹ, àpáàdì tí wọ́n tò ní ìnàró wà ní apá kìíní. Ìtàn pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà wà ní apá kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá méjèèjì bára mu, àti ohun tí wọ́n ṣì nílò láti mọ̀.

## Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ifẹ̀ gan-an

Ẹ fi í sí ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti walẹ̀. Ojú tí wọ́n á fi wo nǹkan á ti yàtọ̀. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wà ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ sì sọ iye ọmọ tó ń bọ̀. Ẹ yà wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, kí àwọn ọmọ ka ìṣó irin tó wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí, láìfọwọ́ kàn án. Bí ọ̀nà Ifẹ̀ bá jìn sí yín, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Oníkàn wà ní Èkó. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

## Ààbò: ẹ yẹ èyí wò láràárọ̀

- Ẹ ṣí tàpólì pẹ̀lú igi gígùn, kì í ṣe ọwọ́. Àkekèé, ìjàlọ àti ejò fẹ́ràn abẹ́ tàpólì.
- Bàtà tó bo ẹsẹ̀, fìlà, omi mímu fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.
- Ìbomú fún ẹni tó wà nídìí asẹ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ.
- Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, bóyá ó ní ikọ́ fée, àti ohun tí ara rẹ̀ kò gbà.
- Ọṣẹ àti omi fún ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.
- Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú kò tó.
- Ìwé àṣẹ òbí kí ẹ tó gbé fọ́tò ọmọ síta.

## Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá parí

Ẹ má fi kòtò sílẹ̀ lásán mọ́jú ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ ni kó dí i padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi owó ẹyọ kan sísàlẹ̀ kí wọ́n tó da ilẹ̀ bò ó, torí àwọn awalẹ̀pìtàn pàápàá máa ń fi àmì sílẹ̀ kí ẹni tó bá tún wa ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀ rí.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lọ sílé, ẹ fún un ní káàdì kékeré kan tí ẹ kọ èyí sí. Bóyá lóko bàbá rẹ̀ tàbí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, bó bá rí ohun tó jọ ti àtijọ́ nínú ilẹ̀:

1. Má fà á yọ. Má fọ̀ ọ́.
2. Ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, fi nǹkan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, bíi báírò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
3. Ní kí àgbàlagbà dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀.
4. Ní kí wọ́n sọ fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó súnmọ́ yín jù.